Àmì Orí Ọ̀rọ̀: Èdè Kọ̀ǹpútà Wo Ni Ó Yẹ Iṣẹ́ Ńlá?

 

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà ni ó ń kọ ẹ̀kọ́ lórí èdè kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé a ó kó gbogbo àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí sínú kọ̀ǹpútà, láti orí ìwé orúkọ àwọn ọmọ àkọ́kọ́ títí dé èsì ìdánwò sáà tí ó kọjá. Ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ti mú àbá wá. Ọ̀wọ́ kìíní fẹ́ fi Python kọ ọ́, wọ́n ní yóò tètè parí. Ọ̀wọ́ kejì fẹ́ fi Java kọ ọ́, wọ́n ní yóò tọ́jọ́. Púpọ̀ nínú àwa tí a ó san owó iṣẹ́ náà ni kò mọ ohun tí ìyàtọ̀ náà jẹ́. Irú wa ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún. A ti jókòó ti àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, a sì ti ka ohun tí a lè kà. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. Bí àkọsílẹ̀ bá dàrú, ọmọ tí ó nílò ìwé ẹ̀rí láti wọ yunifásítì ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ètò náà.

Kókó ẹ̀kọ́: Ètò kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ púpọ̀ yóò kàn, tí yóò sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju àwọn tí ó kọ ọ́ lọ, yẹ kí irú ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpín Kìíní: Kí Ni À Ń Pè Ní Irú?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó mọ́ wa lára. Bí a bá kọ lẹ́tà mẹ́ta, ọ àti k àti ọ, tí a kò sì ka àmì ohùn sí, ohun tí a kọ lè jẹ́ ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Bí bàbá kan tí ó wà lóko bá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ nígboro pé kí ó ra ọ̀kan bọ̀, tí kò sì fi àmì sí i, ọmọ náà kò ní í ṣìnà. Ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìgbà ebè ti dé. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ó di ohun tí a ń méfò. Àmì kékeré orí lẹ́tà ni ó ń sọ irú ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún ẹni tí kò mọ ilé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Ohun gbogbo tí a bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ ni ó ní irú. Máàkì ọmọ jẹ́ nọ́ńbà. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ jẹ́ déètì. Bóyá ó ti san owó ilé-ìwé tàbí kò tíì san án jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ohun tí a lè fi í ṣe. A lè ro nọ́ńbà méjì pọ̀. A kò lè fi orúkọ ọmọ kan pín orúkọ ọmọ mìíràn.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pín sí agbo méjì. Nínú agbo kìíní, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ irú ohun gbogbo kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ń kọ ètò yóò kọ irú náà sílẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi òye gbé e láti inú ohun tí a ti kọ. Bí a bá fi ohun kan sí ipò tí kò bá irú rẹ̀ mu, ẹ̀rọ kò ní í gbà kí ètò náà jáde. Java, C++, Go àti Rust wà nínú agbo yìí. Static typing ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ìlànà yìí. Àwa yóò máa pe àwọn èdè náà ní èdè àyẹ̀wò-ṣáájú.

Nínú agbo kejì, orúkọ lásán ni a ń kọ. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ dé orí ìlà náà gan-an, ni yóò tó wo irú ohun tí ó bá níbẹ̀. Python, JavaScript, Ruby àti PHP wà nínú agbo yìí. Dynamic typing ni wọ́n ń pe ìlànà tiwọn. Àwa yóò máa pè wọ́n ní èdè àyẹ̀wò-lójú-ọ̀nà.

Awakọ̀ kan wà tí kì í kúrò ní gáréèjì láì wo táyà, omi àti bíréèkì. Òmíràn wà tí ó máa ń gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ tún un ṣe. Àwọn méjèèjì ń dé Ìlọrin. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ibi tí ọkọ̀ ẹnì kejì yóò ti dúró sí, àti iye ènìyàn tí yóò wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ìpín Kejì: Ọjọ́ Wo Ni Àṣìṣe Ń Hàn?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ kan gba 30 nínú iṣẹ́ àárín sáà, ó sì gba 55 nínú ìdánwò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85. Olùkọ́ tẹ 55 náà sínú fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a bá tẹ̀ sínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ títí ẹni tí ó kọ ètò yóò fi sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ká ní ó gbàgbé láti ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Bí ó bá jẹ́ JavaScript ni a fi kọ ètò náà, tí a ní kí ó ro 30 tí ó jẹ́ nọ́ńbà pọ̀ mọ́ 55 tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀, kò ní í ráhùn rárá. Yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, yóò sì kọ 3055. Ọmọ náà ti gba ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé márùndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún!

Bí ó bá jẹ́ Python, yóò kọ̀. Yóò dúró, yóò sì sọ pé òun kò lè ro nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá dé orí ìlà náà ni yóò tó sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ó wọlé ní agbedeméjì ọdún nìkan ni ìlà náà wà fún, àṣìṣe náà lè sùn síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó tó jí ní ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ èsì jáde, tí àwọn òbí sì ti tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Bí ó bá jẹ́ Java, tí a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà ni àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, ètò náà kò ní í kúrò lórí tábìlì ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ̀rọ yóò tọ́ka sí ìlà náà gan-an, yálà ọmọ kan ti wọlé ní agbedeméjì ọdún tàbí kò sí ẹni tí ó wọlé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ènìyàn lè ṣe àṣìṣe yìí nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tí àṣìṣe yóò hàn àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko. Àṣìṣe tí a mú lórí tábìlì kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èyí tí ó dé inú ìwé èsì ọmọ lè di ọ̀rọ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀.

Ìpín Kẹta: Ohun Rere Tí Ó Wà Nínú Àyẹ̀wò-Lójú-Ọ̀nà

Kì í ṣe òpè ni ó ṣe àwọn èdè agbo kejì, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń lò wọ́n. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé Python jáde ní 1991, ó sì ṣe é kí ó rọrùn láti kà. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ètò kíkọ lè fi ìlà mẹ́ta ṣe ohun tí yóò gba ìlà mẹ́wàá nínú Java. Ní ti JavaScript, Brendan Eich ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, nígbà tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ Netscape. Lónìí, òun ni èdè tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ohun tí a fi ń wo ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ayé.

Nígbà tí a kò tíì mọ bí ohun tí a fẹ́ ṣe yóò ti rí, irú tí a ti kọ sílẹ̀ lè di ẹrù. Ẹni tí ó ń dán ọgbọ́n tuntun wò, tí ó ń kọ lónìí, tí ó ń wó o lọ́la, kò ní í fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bi í léèrè nípa àwọn igun tí òun kò tíì dé.

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ wà pẹ̀lú. WhatsApp tí a fi ń kí ara wa láràárọ̀, èdè Erlang ni wọ́n fi kọ ètò tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ tí ó ń gbé e bọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ericsson ti ilẹ̀ Sweden ni ó bẹ̀rẹ̀ Erlang ní 1986 fún ẹ̀rọ tẹlifóònù, èdè àyẹ̀wò-lójú-ọ̀nà sì ni. Nígbà tí Facebook ra WhatsApp ní oṣù kejì ọdún 2014, nǹkan bí 450 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń lò ó lóṣooṣù, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó 60. Àwọn tí ó ṣe Erlang gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àṣìṣe yóò wáyé. Nítorí náà, wọ́n pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì yan alámòójútó tí yóò máa gbé èyí tí ó bá ṣubú dìde láì dí èyí tí ó kù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé a kò lè fi èdè agbo kejì ṣe iṣẹ́ ńlá kò sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn tí ó ṣe é ti kéré tó níye, àti bí wọ́n ti fi ọgbọ́n mìíràn dí àlàfo náà.

Ìpín Kẹrin: Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Di Ńlá

Kí ni a ń pè ní iṣẹ́ ńlá? Kì í ṣe iye ìlà nìkan. Iṣẹ́ di ńlá nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè gbé gbogbo rẹ̀ sórí mọ́. Ètò tí ọ̀dọ́ kan kọ lóṣù yìí, tí òun nìkan ń lò, kò tóbi. Ètò tí ènìyàn mẹ́jọ kọ fún ọdún márùn-ún, tí mẹ́fà nínú wọn sì ti lọ, ti tóbi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni ó ń lò ó.

Ìrírí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń rìn lọ́nà yìí tipẹ́ yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. PHP ni Facebook fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá, ní 2014, wọ́n gbé èdè kan jáde tí wọ́n ń pè ní Hack, èyí tí ó jẹ́ PHP tí a fi irú sí, wọ́n sì kéde pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ètò PHP àwọn ni àwọn ti gbé sínú rẹ̀. Python ni Dropbox lò. Ní 2019 wọ́n ròyìn pé àwọn ti fi àmì irú sí ètò tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin ìlà lọ, nítorí pé ó ti di ìṣòro fún àwọn òṣìṣẹ́ láti lóye ohun tí àwọn ará wọn kọ. Ruby ni Stripe lò, ilé-iṣẹ́ tí ó ra Paystack tiwa ní Èkó ní 2020. Àwọn pẹ̀lú ṣe olùyẹ̀wò irú kan fún Ruby, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sorbet, wọ́n sì fún gbogbo ayé ní 2019.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè àyẹ̀wò-lójú-ọ̀nà, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní. Nígbà tí ọwọ́ pọ̀, tí ọdún sì gun orí ọdún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lọ kọ irú sílẹ̀.

Ìdí pàtàkì méjì ni a rí. Èkíní ni àtúnṣe. Ètò ńlá kì í dúró lójú kan. Bí a bá yí bí a ti ń ṣírò owó ilé-ìwé padà, ó lè jẹ́ pé ọ̀ọ́dúnrún ibi ni a ti lo ìṣirò náà. Nínú èdè àyẹ̀wò-ṣáájú, bí àyípadà náà bá kan irú ohun tí ìṣirò náà ń gbà tàbí tí ó ń dá padà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò to ibi gbogbo tí kò bá a mu mọ́ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú èdè kejì, ìdánwò tí a ti kọ sílẹ̀ àti ìrántí ènìyàn ni a gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Èkejì ni ìtúká, èyí sì ni ó kàn wá jù. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọ tí ó ń kọ ètò fún wa lónìí, a kì í mọ̀, ní ọdún méjì ó ti lè wà ní Kánádà, ní Jámánì tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. A kò bá a wí, àdúrà wa ni kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà rẹ̀ ní rere. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ohun tí ó kọ? Bí ó bá kọ orúkọ kan tí ó jẹ́ owó, tí kò sì sọ pé iye tí a san ni tàbí iye tí ó kù, tàbí orúkọ ẹni tí ó san án, ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ náà yóò máa méfò bí àjèjì tí ó gba ìwé bàbá olóko. Irú tí a kọ sílẹ̀ jẹ́ ìwé tí ẹni tí ń lọ kọ fún ẹni tí ń bọ̀. Àlàyé lásán tí a kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò lè di irọ́ lẹ́yìn ọdún kan, tí kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bí irú bá di irọ́, ẹ̀rọ yóò kígbe.

Ìpín Karùn-ún: A Lè Fi Àmì Sí I Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn

Àwa tí a gba ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run kọjá kò lè gbàgbé bí a ti jà pẹ̀lú èdè Hébérù. Láyé àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kọ́nsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ nínú èdè náà. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó dúró fún d, b àti r lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ, ó lè jẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹni tí a bí sínú èdè náà kò ní ìṣòro. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà túká káàkiri ayé, èdè mìíràn ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé. Láàárín ọ̀rúndún keje sí ìkẹwàá lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, àwọn akọ̀wé tí a ń pè ní Másórétì, ní ìlú Tìbéríà létí òkun Gálílì, fi àmì fáwẹ̀lì sí gbogbo rẹ̀, sókè àti sísàlẹ̀. Wọn kò yí kọ́nsónáǹtì kan padà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà láì sí àmì kò pàdánù ohunkóhun: ìwé àká Òfin tí wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù kò ní àmì náà títí di òní. Àjèjì àti ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ni àmì náà ṣí ìlẹ̀kùn fún.

Ohun kan náà ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ní àkókò tiwa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Microsoft gbé TypeScript jáde, èyí tí Anders Hejlsberg ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀. JavaScript náà ni, pẹ̀lú àmì irú lórí. Bí olùyẹ̀wò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, yóò yọ àmì náà kúrò, JavaScript lásán ni yóò sì lọ ṣiṣẹ́. Ní 2015, Python 3.5 pẹ̀lú fi ìlànà lélẹ̀ fún kíkọ irú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Kò pọn dandan kí a kọ ọ́. Bí a bá kọ ọ́, olùyẹ̀wò bíi mypy lè kà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A lè fi sí ojú-ìwé kan lónìí, kí a fi sí òmíràn lóṣù tí ń bọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Python tàbí Java kọ́ ni ó yẹ kí ó da ìpàdé wa rú. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: ṣé àmì yóò wà, àbí kò ní í sí?

Ìpín Kẹfà: Ohun Tí Irú Kò Lè Ṣe

Kí a má ṣe sọ irú di òrìṣà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, ní Kourou ní ilẹ̀ Guiana ti Faransé, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fọ́ sójú ọ̀run ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn náà. Ada ni èdè tí wọ́n fi kọ ètò rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn èdè àyẹ̀wò-ṣáájú tí ó le jù lọ. Apá kan ètò náà ni wọ́n gbé wá láti inú Ariane 4. Ó fẹ́ gbé nọ́ńbà ńlá kan sínú àyè tí kò lè gba ohun tí ó ju 32,767 lọ. Lórí Ariane 4, nọ́ńbà náà kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Ariane 5 yára jù ú lọ. Irú bá irú mu. Ayé tí wọ́n gbé e lọ ni kò bá a mu.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ẹ̀wẹ̀, Amẹ́ríkà pàdánù ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, Mars Climate Orbiter. Ètò kan fi òṣùwọ̀n àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ agbára tí ẹ́ńjìnnì lò; ètò kejì rò pé òṣùwọ̀n ti mítà àti kílógíráàmù ni. Nọ́ńbà ni méjèèjì. Bí irú tí a kọ sílẹ̀ kò bá ju nọ́ńbà lọ, ẹ̀rọ kò lè mọ ìyàtọ̀.

Èyí kàn wá nílé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà kúrò lórí pọ́ùn, ṣílè àti pẹ́nì bọ́ sórí náírà àti kọ́bọ̀, pọ́ùn kan sì di náírà méjì. Àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa rékọjá ọjọ́ náà síwájú àti sẹ́yìn. Bí a bá bá 10 nínú ìwé owó àtijọ́, pọ́ùn ni tàbí náírà? Bí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà ni, yóò gba méjèèjì, yóò sì rò wọ́n pọ̀ láì ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pọ́ùn di irú kan, tí a sọ náírà di irú mìíràn, kò ní í gbà kí a rò wọ́n pọ̀ títí a ó fi pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Olùyẹ̀wò kì í mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ.

Ní 2017, àwọn olùwádìí láti University College London àti Microsoft yẹ 400 àṣìṣe wò, tí àwọn ènìyàn ti tún ṣe nínú àwọn ètò JavaScript tí ó wà ní gbangba. Wọ́n rí i pé bí irú bá ti wà níbẹ̀ ni, olùyẹ̀wò ìbá ti mú nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Èyí tí ó kù, ìdánwò àti ojú ènìyàn ni yóò rí i.

Ìpín Keje: Ìmọ̀ràn Wa fún Ẹgbẹ́

Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Nínú iṣẹ́ yìí, owó tí a ó san ní ìbẹ̀rẹ̀ kéré sí èyí tí a ó máa san lọ́dọọdún láti tún un ṣe. Nítorí náà, a dá àbá márùn-ún yìí:

1. Kí àdéhùn sọ ọ́ kedere pé irú ohun gbogbo yóò wà ní kíkọ, kí a má sì gba àyípadà kankan wọlé bí olùyẹ̀wò kò bá tíì gbà á. Java yóò ṣe é. TypeScript yóò ṣe é. Python náà yóò ṣe é, bí àmì bá wà lórí rẹ̀.

2. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe ti lè pa ènìyàn lára: máàkì, owó, orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Kí pọ́ùn àti náírà má ṣe jẹ́ irú kan náà.

3. Kí a yẹ ohun tí ń wọlé láti ìta wò lẹ́nu ọ̀nà. Irú kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ohun tí olùkọ́ tàbí òbí tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù.

4. Kí ìdánwò wà pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ àṣìṣe kì í ṣe àṣìṣe irú. Ẹni tí ó yọ 10 níbi tí ó yẹ kí ó fi 10 kún un kò ṣẹ̀ sí irú rárá.

5. Kí a tó san owó ìkẹyìn, kí a pe ẹnì kan tí kò sí nínú àwọn tí ó kọ ètò náà, kí ó kà á, kí ó sì ṣe àtúnṣe kékeré kan sí i. Bí kò bá lè ṣe é ní ọjọ́ kan tàbí méjì, iṣẹ́ kò tíì parí.

A kò sọ pé kí ohun gbogbo gba irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ètò kékeré tí a fi ka iye ènìyàn tí yóò jẹun ní ọjọ́ àjọ̀dún, kí ọ̀dọ́ kan fi Python lásán kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí a lò ó tán, kí a sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ sì ń béèrè èdè tí ó yẹ kí ọmọ yín fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ibi nínú kí ó fi Python bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà lónìí ni ó bá ibẹ̀ wọlé. Kí ó má kàn dúró síbẹ̀. Bí ó bá ti lè kọ ètò tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ó kọ́ bí a ti ń kọ èyí tí ẹlòmíràn lè kà.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Nínú àpẹẹrẹ máàkì 30 àti 55, ta ni yóò kọ́kọ́ rí àṣìṣe nínú èdè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo sì ni?

2. Kí ni WhatsApp ní tí ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní, tí ó fi lè ṣe iṣẹ́ ńlá láì sí àyẹ̀wò-ṣáájú?

3. Dárúkọ ohun méjì nínú àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, yàtọ̀ sí pọ́ùn àti náírà, tí ó jẹ́ nọ́ńbà ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí a rò pọ̀.

4. Bí gbogbo àwọn tí ó kọ ètò wa bá rìnrìn àjò lọ́la, kí ni yóò kù sílẹ̀ tí ẹni tí ń bọ̀ lè kà?

Kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè kẹrin lọ àwọn ọ̀dọ́ wa, ọ̀wọ́ méjèèjì. Ìdáhùn wọn sí i yóò ràn wá lọ́wọ́ ju orúkọ èdè tí wọ́n yàn lọ. Kí Ọlọ́run bù kún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí ohun tí a bá fi ọwọ́ wa ṣe wúlò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa.